Fún Bọ́sẹ̀dé, Tí Yóò Gba Kọ́kọ́rọ́ Sítọ́ọ̀

Òkun o, Bọ́sẹ̀dé.
Jímọ̀ ni mo ń fẹ̀yìn tì. Jímọ̀ ni ìwọ yóò gba kọ́kọ́rọ́
tó ti já àpò ṣòkòtò mẹ́rin mọ́ mi lára.
Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí ẹnu mi kì í dúró lójú kan:
bí mo bá ń sọ ọ́, màá yà sórí ọ̀rọ̀ iṣu.

Íítà ni wọ́n ń pè é.
Ìta ló sì yẹ kó máa gbé,
níbi tí atẹ́gùn á ti gbá a lọ sẹ́yìn àpáta Mòpà.
Àmọ́ inú ilé la kó o sí, lábẹ́ páànù,
nínú oṣù Ẹrẹ́nà tí ewúrẹ́ pàápàá ń fara ti ògiri wá òjìji.
Ooru àtẹ́lẹwọ́ lásán tó láti mú un hó.
O ṣí ìdérí, ó ṣe ṣìì,
bí àgbàlagbà tí a jí lójú oorun.

Má sọ pé o kò rí i, pé kò sí níbẹ̀.
Èémí rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ; kì í gòkè.
Á sọ̀ kalẹ̀ lára tábìlì, á fi àyà fà nílẹ̀,
á gba abẹ́ àga kọjá láìkí ẹnikẹ́ni,
á máa wá iná kiri.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, Ṣàánúmi tan búnsìn
ní ìkángun yàrá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.
Ìgbésẹ̀ méjìlá ló wà láàárín òun àti ìgò.
Iná náà rìn ín padà
bí ọmọ tó mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀.
Mo da omi sí i. Mo tún da omi sí i!
Ó gun orí omi, ó léfòó, ó ń jó lọ.
Yanrìn ni Ọ̀gá Ọbajẹ́mu fi pa á,
garawa yanrìn tí mo ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti oṣù mẹ́ta.
Irun ojú mi hù padà.
Ti Ṣàánúmi náà hù, ṣùgbọ́n kò dọ́gba.

Òórùn rẹ̀ dùn. Ẹ̀tàn rẹ̀ nìyẹn.
Ọmọbìnrin kan láti Ẹ̀gbẹ̀ tẹrí sí ẹnu ìgò;
kí n tó pariwo, ó ti gbórí lé tábìlì
bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ alẹ́.

Wàyí o, ìgò yẹn.
Pẹpẹ kẹta, lẹ́yìn òṣùwọ̀n tó ti kú,
ìgò aláwọ̀ kọfí, bébà ara rẹ̀ ti bó.
Ohun funfun kan ti yí ọrùn rẹ̀ ká bí iyọ̀.
Kì í ṣe iyọ̀.
Íítà tó bá bá afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ gbé pẹ́
a máa di ohun mìíràn, ohun tó ń bínú
sí ọwọ́ tó yí ìdérí, sí ọwọ́ tó kàn gbé e.
Má gbé e. Má nù ún. Má mi pẹpẹ náà.
Bí ẹnìkan bá ní òun láyà, tì í síta, kó o ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí Lọ́kọ́ja
pé kí wọ́n rán àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé wá gbé e.
Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fèsì:
wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ tí a ṣí i ránṣẹ́.

Bọ́sẹ̀dé, èmi ni mo ṣí i.
Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, ọwọ́ mi kún.
Mo ní bó bá dọ̀la, màá kọ ọjọ́ sí i lára.
Pẹ́ńsùlù wà létí mi.

Mo ti ra bírò tó ń kọ sára ìgò fún ọ ní Kàbà,
mo so ó mọ́ ilẹ̀kùn.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ náà;
bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá pa á rẹ́, tún un fà.
Lẹ́tà kẹrin, ìwọ ni yóò kọ ọ́. Sọ fún wọn pé èmi ni.

Ní Jímọ̀, bí o bá ti gba kọ́kọ́rọ́,
kọ́kọ́ ṣí fèrèsé.